Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Pè Ṣìkejì

Ọdún tí Mardiyah Ọláyanjú wọ yunifásítì, ojú rẹ̀ rí màbo. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbà á fún, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ̀ǹpútà kankan nílé wọn. Orí fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì bá ti kú, inú ìwé ló ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò, á wá máa fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ̀rọ bá a ṣe. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ó fìdí rẹmi. Nígbà tó délé ní Ailegun, ó sọ fún àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì pé ìdánwò náà le, kò sọ iye tó gbà. Màmá ní kó lọ jẹun. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ sùn.

Àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì la wí, ẹnu wa kò ṣì í sọ. Alhaji Ọláyanjú ti jáde láyé, ìyàwó méjì ló sì fi sílẹ̀ nínú fúláàtì kan ṣoṣo. Àwọn ará àdúgbò tó fẹ́ràn ìran wíwò ti jókòó de ìjà. Wọ́n ní kí wọ́n tó ṣe àdúà ogójì ọjọ́ olóògbé, ilé á ti tú. Wọ́n jókòó títí ìdí fi ń ro wọ́n, ilé ò tú. Alhaja Memunat, ìyá Abdulhameed, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ni ìyálé. Ìsíátù, tó bí Mardiyah, ni ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí ní Oshodi, níbi tí wọ́n ti ń ta búta àti ẹní. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń dáná, wọ́n sì jọ ń lọ sí asáláátù pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ kan náà.

Láràárọ̀, orúnkún méjèèjì ni Ìsíátù fi ń kí ìyálé rẹ̀. Màmá náà mọ ipò rẹ̀, kò sì fi ṣeré rárá. "Ìyá Mardiyah, ṣé o ò tíì múra tán ni? Àbí o fẹ́ kí àwọn oníbàárà wá bá wa nílé?" Ìsíátù á sáré jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí ibùdókọ̀. Ohùn wọn yìí ni Mardiyah fi ń jí láti kékeré. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ó ti mọ̀ pé ohun tó so ilé àwọn pọ̀ nìyẹn: kí Màmá máa pàṣẹ, kí ìyá òun máa jẹ́ ẹ, kí ẹ̀rín sì tẹ̀lé e. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò sí ilé mọ́.

Dókítà Fákúnlé ló ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń kọ ètò. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í bínú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa pàṣẹ fún òun bí ẹni ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ní, "Ẹ máa rìn lọ síwájú, sà." Dókítà rìn, ó rìn, ó kan ògiri, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò níwájú ògiri náà títí tí gbogbo kíláàsì fi bú sẹ́rìn-ín.

"O ò sọ fún mi pé kí n dúró," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ẹfun kúrò ní imú. "Èèyàn á dúró, torí èèyàn máa ń mọ ohun tí o ò fẹnu sọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí o ò bá sọ, kò sí lọ́dọ̀ tiẹ̀."

Mardiyah kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì fa ìlà pupa sí i nídìí. Kò rántí ilé wọn rárá.

Iṣẹ́ tí Dókítà wá fún wọn láti ṣe kí sáà tó parí ni pé kí wọ́n wá ohun kan nílé tó nílò títò, kí wọ́n kọ ètò tí á máa tò ó, kí wọ́n sì lò ó lójú àwọn tó ni ín. Méjì méjì ló pín wọn. Tẹ́ní, ọmọ Ire-Akari Estate, tí bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún, ló bọ́ sọ́wọ́ Mardiyah. Ọmọ dáadáa ni Tẹ́ní, àyàfi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Kò pẹ́ tí Mardiyah fi rí ohun tí wọ́n máa tò. Nígbà ayé Alhaji, bí wọ́n bá ti pín ẹran Iléyá tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pe àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá gba abọ́ wọn, láti orí ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù dé orí ọmọ ọwọ́. Kò ṣì í pè rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Abdulhameed ló gba iṣẹ́ náà, ó sì dà á rú. Lọ́dún tó kọjá, ó pe ọmọ ìkókó kan ṣáájú Bàbá Àjàmú, ẹ̀gbọ́n Alhaji. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun ń padà sí Oke-Afa, tí wọ́n sì ní láti sáré tẹ̀lé e dé òpópónà pẹ̀lú abọ́ ẹran lọ́wọ́. Mardiyah ní tọdún yìí, kọ̀ǹpútà ló máa pè wọ́n, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé.

Bó ṣe kọ ètò náà nìyí: á gba orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á gba ọjọ́ orí rẹ̀, á máa fi ti ẹnì kan wé ti ẹni tó tẹ̀lé e, bí ẹni ẹ̀yìn bá dàgbà ju ẹni iwájú lọ, á pààrọ̀ ibi tí wọ́n wà, á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní sí ẹni tí á tún pààrọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ jáde, àgbà kẹ́yìn. Nígbà tó tún un ṣe, ètò náà kọ̀, kò dúró mọ́, ó ń ṣe pààrọ̀ pààrọ̀ títí fóònù fi gbóná bí ara aláìsàn. Ó ku díẹ̀ kí Mardiyah sọkún. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá bọ́ sí i: orúkọ àwọn ọmọ ilé tò wálẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀gbọ́n lókè, àbúrò nísàlẹ̀. Ó fò sókè nínú ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé. "Ó ti tò ó, Màmi! Ó ti tò ó!" Ìsíátù kò mọ ohun tí wọ́n tò, ó ju ìpọnṣẹ́ sílẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ jó.

Orúkọ àwọn ọmọ nìkan ni Mardiyah fi dán ètò náà wò. Kò fi ti àgbàlagbà kankan sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Iléyá, Tẹ́ní dé bí wọ́n ṣe ń gé ẹran lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń tẹ orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn àgbà sí i. Bàbá Àjàmú sọ tirẹ̀, ó tún fi ìtàn ìjọba ológun ṣàlàyé rẹ̀. Màmá ti sọ tirẹ̀ fún Mardiyah tẹ́lẹ̀. Ti ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló mú un lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ó mọ ọ̀kan, ó mọ èkejì, kò fìgbà kan rí gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èèyàn wo ló máa ń ṣe irú ìyẹn sí àwọn ìyá rẹ̀? Àwọn àgbà ilé mọ̀ ní tiwọn, ó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹnu kàn án. Kí Mardiyah tó ráyè wo ohun tí ètò náà tò, wọ́n ti rán an lọ mú ọ̀bẹ míì wá nínú ilé.

Ibẹ̀ ni Tẹ́ní ti dìde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí apá, tó ń pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ o! Tí mo bá ti pe name yín, ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá gba abọ́ yín. Number one: Bàbá Àjàmú!"

Bàbá jáde, ó ń yan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Màmá ti dìde díẹ̀ lórí àga, ó ti ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, nítorí òun ni Alhaji máa ń pè tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Number two: Ìyá Mardiyah!"

Ariwo rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìsíátù, tó ń din ẹran lẹ́bàá iná, kò gbójú sókè. Tẹ́ní rò pé kò gbọ́ ni. "Mummy Mardiyah, ẹ̀yin ni o! Ẹ̀yin lẹ dàgbà ṣìkejì níbí yìí! Màmá Abdulhameed ló tẹ̀lé yín!" Ọmọ náà kò ní ibi kankan lọ́kàn. Obìnrin kan láàárín àwọn àna fi ìborùn bo ẹnu, ó ní, "Àṣé kọ̀ǹpútà pàápàá mọ̀." Màmá rọra padà jókòó. Mardiyah, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni," Bàbá Àjàmú ní. "Ẹ jẹ́ ká jẹran, ó jàre." Abdulhameed gba iṣẹ́ náà padà, ó ń fẹnu pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó rántí bínú bó ṣe ń ṣì í pè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìsíátù jáde láti lọ kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Màmá ti ṣáájú rẹ̀ dé pálọ̀. Bó ṣe rí Ìsíátù, òun ló kọ́kọ́ fi orúnkún kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mardiyah, tó ń gbálẹ̀, di ìgbálẹ̀ mú gírígírí.

Bí nǹkan ṣe wá dà nìyẹn. "Ẹ jókòó, màá bù ún wá fún yín." "Ẹ fi sílẹ̀ mà, màá gbé e." Ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá fún un ní àga, òun alára jókòó lórí ẹní tí wọ́n ká jọ. Bí Màmá bá jágbe mọ́ ọn, bó bá tilẹ̀ bú u, ì bá tu Ìsíátù lára, ì bá tọrọ àforíjì, kó parí. Ta ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún un? Kò sẹ́ni tó ń pariwo nílé láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí ibùdókọ̀.

"Wọ́n ti sọ mí di àlejò," ó sọ fún Mardiyah. "Inú ń bí wọn débi tí wọn ò lè bú mi mọ́. Màá lọ sílé wa ní Ṣakí ná, kí n jẹ́ kí ara wọn balẹ̀." Ó sì ti ń ká aṣọ sínú báàgì.

Mardiyah kò dúró gbọ́ kíláàsì lọ́jọ́ náà, ó gba ọ́fíìsì Dókítà Fákúnlé lọ tààrà. "Sà, program mi ò ṣiṣẹ́."

Dókítà gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó. "Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ó ń tú ilé wa ká, sà!" Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n, ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí abọ́ ẹran dé orí báàgì Ṣakí.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dá fóònù padà fún un. "Ta ló sọ fún un pé ọjọ́ orí ni kó wò?"

"Èmi ni, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ọjọ́ orí lòun náà ń wò tó bá ń pè yín?"

Mardiyah ronú. Ó rí bàbá rẹ̀ lọ́kàn, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú fìlà róbótó rẹ̀. "Rárá, sà. Àmọ́ mi ò mọ ohun tó ń wò."

"Lọ béèrè. Má sì fọwọ́ kan kóòdù yẹn títí o fi mọ̀ ọ́n."

Ó bá Màmá nílé nírọ̀lẹ́ náà, nìkan, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán etí ẹní kan tó ti tú. Mardiyah jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó béèrè: kí ni Alhaji máa ń wò tó bá ń pe èèyàn gba ẹran?

"Ọjọ́ tí kálukú wọlé ni," Màmá dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Ọmọ tí wọ́n bí síbí, ọjọ́ tí wọ́n bí i ló wọlé. Ìyàwó, ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ṣé o ò rí i bí ìyá rẹ ṣe ń pe Abdulhameed ní ọkọ mi ni? Ọmọ náà ti ń rá kiri nílé kí ìyá rẹ tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Ó yà Mardiyah lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò látọjọ́ yìí, tọmọ tàgbà, kò sì sí níbi tóun ti wá a. Ó wá béèrè èyí tó kù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọjọ́ wo ni Màmi wá wọlé, Màmá?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Màmá wo ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo lọ mú un wá. Ilé kéú kan náà la lọ ní Ṣakí. Ó ti ń ka Kùránì geere nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ álífà. Bí òjò bá rọ̀ tí odò kún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń pọ̀n mí sí tá a bá ń sọdá. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń pè é. Nígbà tó yá, wọ́n fún un lọ́kọ, kò bímọ, ọkọ yẹn lé e. Mo gbọ́ pé ẹ̀yìn ààrò ìyá rẹ̀ ló ń sùn. Èmi ni mo sọ fún Alhaji pé kó fẹ́ ẹ. Èmi ni mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí o ń wò yẹn. Bí mo ṣe ní kí n dìde pẹ̀lú igbá omi, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. 'Ìyálé mi, ẹ ṣeun.' Ó yẹ kí n gbé e dìde. Àwọn èèyàn ń wò, mo dákẹ́." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Ó dùn mọ́ mi, Mardiyah. Ó dùn mọ́ mi kí ẹni tó pọ̀n mí máa kúnlẹ̀ fún mi. Mo wá ń dákẹ́ lọ títí dòní. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ pe orúkọ rẹ̀ ṣáájú tèmi, ẹ ń rò pé inú bí mi. Ojú ló tì mí."

Ìró kan dún lẹ́yìn wọn. Ìsíátù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì Ṣakí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdágbére ló wá ṣe, ó sì ti gbọ́ tán.

Màmá ju ẹní sílẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìsíátù ju báàgì sílẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló yá jù, ó ti kúnlẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjèèjì wá wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí, Mardiyah kò sì mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ gbé dìde.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi," Ìsíátù ní. "Ọjọ́ tí mo dé ẹnu ọ̀nà yìí, mi ò lọ́mọ, kò síbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi fún ire. Ẹ ní kí n wá dúró lẹ́yìn yín. Ẹ̀yìn yín yẹn ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo ti bí Mardiyah. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì mí síwájú. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Màmá bú sẹ́kún. Ó sun ún bí ọmọdé, ó fi orí lé èjìká Ìsíátù, Ìsíátù sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mardiyah náà ń sunkún ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ òun lẹ́kún. Nígbà tó pẹ́, Màmá fi etí ìborùn nu ojú, ó sì rí báàgì nílẹ̀.

"Kí ni eléyìí ń wá níbí?" Ohùn rẹ̀ ṣì ń ya, àmọ́ ó ti ń gbéra. "Ìyá Mardiyah, ta lo fẹ́ kó bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la? Èmi nìkan ni kí n máa gbé ẹní sókè sódò? Gbé e wọlé kíá, kó tó di pé mo sọ ọ́ síta!"

"Mo ti gbé e, Màmá." Ìsíátù dìde, ó gba báàgì mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín tòun tomi lójú.

Mardiyah fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó wá ibi tí ètò náà ti ń béèrè ọjọ́ orí, ó pa á rẹ́, ó kọ ọjọ́ ìwọlé sí i. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Màmi, ọdún wo gan-an lẹ wọlé?"

Àwọn méjèèjì ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.